Orí Keje: Ohun Tí Tọkọtaya Ń Fẹ́ Lọ́wọ́ Olùtọ́jú Nígbà Tí Oyún Kékeré Bá Ń Dà Wọ́n Láàmú

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Orí yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á tán, ó yẹ kí ó lè:

1. sọ ìtumọ̀ oyún kékeré, oyún wíwálẹ̀ àti oyún ẹ̀yìn ilé-ọmọ, kí ó sì dá àmì ewu mọ̀;
2. ṣàlàyé ohun tí tọkọtaya ń retí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, láti ẹnu géètì ilé ìwòsàn títí wọn yóò fi padà sílé;
3. fi èdè tó yé ni sọ èsì síkáànù àti ọ̀nà ìtọ́jú mẹ́ta tó wà;
4. tọ́ka sí ohun tí Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ nípa ìtọ́jú pàjáwìrì àti nípa àlàyé fún aláìsàn.

7.1 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Oyún kékeré ni oyún tí kò tíì kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12 sí 13. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni a ti ń ka ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí tọkọtaya sùn pọ̀. Ọkọ tó ti ìrìn àjò dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n wá sọ fún pé oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura láìnídìí. Kí òṣìṣẹ́ ṣàlàyé ìṣirò náà kí ìfura tó wọlé.

Oyún wíwálẹ̀, tí a tún ń pè ní oyún bíbàjẹ́, ni kí oyún bọ́ fúnra rẹ̀ kí ọmọ inú tó tó ẹni tó lè yè níta. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fi ààlà rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 28. Ní Britain, ọ̀sẹ̀ 24 ni. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn máa ń ṣẹlẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn *The Lancet* ní ọdún 2021 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 15 nínú 100 oyún tí a mọ̀ pé ó dúró ni kì í dé ilẹ̀ ayọ̀, àti pé ó ń tó mílíọ̀nù 23 lọ́dún kárí ayé.

Oyún tó fẹ́ wálẹ̀ ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n tí ẹnu ilé-ọmọ ṣì wà ní pípadé. Púpọ̀ irú oyún bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró tí a sì máa ń bí.

Oyún ẹ̀yìn ilé-ọmọ ni oyún tó gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ, pàápàá nínú ọ̀pá ẹyin. Kò ju ẹyọ kan tàbí méjì nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn. Àmì rẹ̀ ni inú rírun ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìrora ní ṣóńṣó èjìká, òòyì àti dídákú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lójú ara sì lè kéré.

Èébì àpọ̀jù yàtọ̀ sí èébì tí gbogbo aboyún mọ̀. Obìnrin kò ní lè gbé oúnjẹ tàbí omi dúró, yóò máa rù, omi ara rẹ̀ yóò sì máa gbẹ.

Ìtọ́jú ọlọ́wọ̀ ni ìtọ́jú tí ó pa iyì àti àṣírí aláìsàn mọ́, tí a ṣàlàyé rẹ̀ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí.

7.2 Kí a gbà wọ́n wọlé, kí a gbà wọ́n gbọ́

Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ tọkọtaya dé ilé ìwòsàn, kì í sì wo aago kó tó wá. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe dókítà. Ẹ̀ṣọ́ géètì ni, lẹ́yìn rẹ̀ akọ̀wé tó ń ta káàdì. Ìwé ìlànà NG126 tí àjọ NICE ní England gbé jáde ní ọdún 2019 rí èyí: ó ní kí a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe oníṣègùn, títí kan ẹni tó ń gba àlejò, ní bí wọn yóò ṣe máa fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń tọ́jú oyún kékeré. Akọ̀wé tó bá pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ̀yin tí oyún bàjẹ́ lára yín, ẹ bọ́ síwájú," ti ba ìtọ́jú ọjọ́ náà jẹ́ kí dókítà tó fojú kàn wọ́n.

Ohun kejì ni owó. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 kò fàyè gba òṣìṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn kankan láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Nígbà tí ọ̀pá ẹyin bá bẹ́, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí. Ọkọ tí a rán lọ wá owó àsansílẹ̀ lè padà dé bá òkú.

Ohun kẹta kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kí a gba obìnrin gbọ́. "Gbogbo aboyún ló ń bì" ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí kò rí omi gbé mì fún ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ lọ sinmi" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn. Obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, tí inú ń run, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún oyún, kódà bó ní òun kò lóyún.

Ìbéèrè kan wà tó nílò ìṣọ́ra. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn ní gúúsù Nàìjíríà ka oyún ṣíṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, àyàfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá dójú kọ obìnrin láàárín èrò pé, "Kí lẹ lò?", ẹjọ́ ló ń gbọ́, kì í ṣe ìtọ́jú. Ìbéèrè náà ní ìwúlò, nítorí kòkòrò tó wọ ilé-ọmọ tàbí ọgbẹ́ inú lè yí ìtọ́jú padà. Kí a bi obìnrin nìkan, níbi ìkọ̀kọ̀, kí a sọ ìdí tí a fi ń bi í, kí ohùn ẹni má sì yí padà, èyí tó wù kó jẹ́ ìdáhùn rẹ̀.

7.3 Àlàyé tó yé ni

Nínú gbogbo ohun tí tọkọtaya ń béèrè, èyí ló máa ń wá síwájú. Wọ́n fẹ́ mọ ohun mẹ́rin: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí ló kàn, ta ni kí àwọn pè bó bá burú sí i.

*(a) Ibi síkáànù.* Ọ̀pọ̀ síkáànù ní ìlú wa ni a ń yà ní ibi àdáni tí kò sí dókítà tó ń tọ́jú obìnrin náà níbẹ̀. Ẹni tó ń yà á dákẹ́, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó tẹ èsì, ó fi sínú àpòòwé, ó ní kí wọ́n gbé e fún dókítà. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni tọkọtaya ti ń já àpòòwé, tí wọ́n ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ìṣègùn, tí wọ́n sì ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹni tó ń yà á kò bá láṣẹ láti sọ èsì, ó ṣì lè sọ pé, "Mò ń wọn nǹkan lọ́wọ́, mo máa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ló máa ṣàlàyé fún yín lónìí." Abala 23 nínú Òfin 2014 béèrè pé kí a sọ ipò ìlera aláìsàn fún un, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó gbọ́, kí a sì wo bí ó ṣe mọ̀wé tó. Àpòòwé kò sọ Yorùbá.

*(b) Dídúró láìmọ̀.* Síkáànù àkọ́kọ́ kì í fìgbà gbogbo dáhùn. Ìlànà NICE sọ pé bí ọmọ inú bá ti gùn tó mílímítà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọkàn rẹ̀ kò lù, tàbí bí àpò oyún bá ti fẹ̀ tó mílímítà 25 tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀, a lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí oyún náà ti bàjẹ́. Kódà nígbà náà, kí oníṣègùn mìíràn wò ó, tàbí kí a tún un yà. Bí ìwọ̀n bá kéré ju èyí lọ, a ó dúró, ó kéré tán, ọjọ́ méje kí a tó tún un yà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn púpọ̀ fún tọkọtaya, wọ́n sì máa ń rò pé dókítà kò mọṣẹ́ ni. Kí a sọ ìdí rẹ̀ fún wọn:

> Nọ́ọ̀sì: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Àpò oyún wà nínú ilé-ọmọ. Ọmọ inú rẹ̀ ṣì kéré jù kí a tó mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ń lù. Bí a bá kánjú, a lè ṣìnà lórí oyún tó dáa."
> Ọkọ: "Kí la máa wá ṣe báyìí?"
> Nọ́ọ̀sì: "Ẹ padà wá ní ìwòyí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì méjì gbingbin láàárín wákàtí kan, tí wákàtí kejì náà tún rí bẹ́ẹ̀, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ìyàwó yín, ẹ má dúró dọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà wọ́ọ̀dù rèé. Wọ́n máa ń gbé e lóru."
> Ìyàwó: "Ṣé kí n dùbúlẹ̀ ni?"
> Nọ́ọ̀sì: "Ẹ lè sinmi bó bá rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ kì í dá oyún dúró, rírìn kì í sì í bà á jẹ́. Bó bá wálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á."

*(d) Kí ló fà á?* Nǹkan bí ìdajì oyún tó ń wálẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àṣìṣe wà nínú ètò chromosome rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn àbùdá tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Àṣìṣe náà sábà máa ń jẹ́ ti oyún yẹn nìkan. Tọkọtaya kì í wá lófo sí ilé ìwòsàn, ó ṣe tán: ìyá ọkọ ti ní ooru inú ni, aládùúgbò ti ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀ àbíkú. Òṣìṣẹ́ tó bá fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọn yóò sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò bá wọn de oyún tó kàn. Ó sàn kí a béèrè ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, kí a gbọ́ ọ dé ìparí, kí a tó sọ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀. Kí a sọ ọ́ létí ọkọ: kì í ṣe ẹrù tó gbé, kì í ṣe ìjà tí wọ́n jà, kì í ṣe ìbálòpọ̀.

*(e) Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.* Yorùbá ní ìkíni tí wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ fún ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní ẹnu ẹbí àti ará ilé, ó ń tuni lára. Bó bá jẹ́ pé òun ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ, nígbà tí wọn kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ó máa ń dà bí ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ ìbéèrè wọn lójú. Kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ ní gbólóhùn kúkúrú: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Oyún náà ti bàjẹ́." Kí a wá dákẹ́. Kí a má tíì sọ̀rọ̀ owó tàbí fọ́ọ̀mù títí wọn yóò fi bi wá ní nǹkan.

7.4 Yíyan ìtọ́jú

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún oyún tó ti bàjẹ́ nínú ilé-ọmọ. Dídúró de ara ni kí a jẹ́ kí ó jáde fúnra rẹ̀. NICE fi èyí ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún ọjọ́ 7 sí 14, àyàfi bí ewu ẹ̀jẹ̀ tàbí kòkòrò bá wà, tàbí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti kó ìpayà bá obìnrin náà rí. Ìtọ́jú oníoògùn ni lílo misoprostol, nígbà mìíràn pẹ̀lú mifepristone. Fífọ ilé-ọmọ ni kí a fa ohun tó kù jáde; ẹ̀rọ ìfà aláfọwọ́tẹ̀ ni a fẹ́ kí a lò dípò irin tí a fi ń họ inú ní ayé àtijọ́.

Bí obìnrin kò bá sí nínú ewu, òun ló yẹ kí ó yan. Obìnrin kan lè fẹ́ kí ó tán lónìí. Òmíràn kò fẹ́ kí irin kan òun lára. Ohun tí àwọn méjèèjì ń kórìíra ni kí a gbé wọn lọ sí tíátà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá sì yan ilé, kí a sọ fún un ṣáájú bí ìrora àti ẹ̀jẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó, kí a sì fún un ní oògùn ìrora gbé lọ.

Oyún ẹ̀yìn ilé-ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún irú yíyàn yìí.

7.5 Ipò ọkọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, iṣẹ́ mẹ́ta ni a ní fún ọkọ: sanwó, ra oògùn, fún wa ní ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìta ni. Ó ń wo ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, kò mọ̀ bóyá ìyàwó òun ṣì wà láàyè, nọ́ọ̀sì sì ń kọjá lára rẹ̀ láìwò ó.

Ọkọ náà ń gbọgbẹ́. Àwọn onímọ̀ Imperial College London tọpa àwọn obìnrin tí oyún kékeré bọ́ lára wọn ní ilé ìwòsàn mẹ́ta ní London. Lẹ́yìn oṣù kan, 29 nínú 100 nínú wọn ló ní àmì ìpayà tó máa ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú: àlá òru, ìrántí tó ń já wọlé, sísá fún ohun tó bá jọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ó ṣì ku 18 nínú 100. Nígbà tí wọ́n wo àwọn alábàáṣepọ̀ wọn, nǹkan bí 7 nínú 100 ló ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Ti ọkọ kéré púpọ̀ sí ti ìyàwó, ṣùgbọ́n ó wà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀.

Ohun tí ọkọ ń fẹ́ kò le. Ó fẹ́ àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà síkáànù. Ó fẹ́ kí dókítà wo ojú òun náà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí òun lè ṣe ní ilé. Níbi tí wọ́ọ̀dù bá jẹ́ ti obìnrin nìkan, tí àwọn mìíràn sì wà ní ìhòòhò, kí a fi aṣọ ya ibùsùn, tàbí kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì àgbà.

Ààlà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ pé ló ń fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ìfọwọ́sí ọkọ kò lè rọ́pò tirẹ̀. Kí a sì rí i pé a bá obìnrin sọ̀rọ̀ lóun nìkan lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí a tó pe ọkọ wọlé, nítorí ó lè ní oyún àtẹ̀yìnwá tí ọkọ kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń lù ú nílé. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó tó bá tẹ̀ lé wọn wá, kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ bóyá kí wọ́n wọlé.

7.6 Ibi tí a ti ń tọ́jú wọn

Orin àti àtẹ́wọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìtọ́jú aboyún ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Obìnrin tí oyún ń bọ́ lára rẹ̀ kò yẹ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sì yẹ kó sùn ní wọ́ọ̀dù tí ọmọ tuntun ti ń ké. Britain ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún oyún kékeré. Níbi tí kò bá sí yàrá, bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀nà mìíràn àti ilé ìyàgbẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ tó.

7.7 Lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé

Ìgbà yìí ni ìtọ́jú máa ń já. Oyún náà kò tíì hàn, wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àṣà wa kì í fi oyún kékeré hàn. Nítorí náà kò sí ẹni tó máa wá kí wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀. Ìpè orí fóònù kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ní iyì púpọ̀ lójú wọn.

Ìbéèrè wọn kò yàtọ̀ láti ilé sí ilé. *Ìgbà wo la lè tún gbìyànjú?* Ẹyin lè tún jáde láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí nǹkan oṣù tó padà. Nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ oyún kíákíá nílò ìfètò-sọ́mọ-bíbí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gba oògùn methotrexate fún oyún ẹ̀yìn ilé-ọmọ, kí ó dúró fún oṣù mẹ́ta. *Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti jáde tán?* Ẹni tó lo misoprostol yóò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá ṣì ń fi oyún hàn, kí ó padà wá. *Ṣé a lè gbé ohun tó jáde lọ?* Àwọn kan fẹ́ sin ín, àwọn kan kò fẹ́ rí i. Kí a béèrè kí a tó dà á nù.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú òfin àti ètò ìjọba. Ní ọdún 2021, New Zealand fún ẹni tí oyún bọ́ lára rẹ̀ àti alábàáṣepọ̀ rẹ̀ ní ìsinmi ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú owó. Láti oṣù kejì ọdún 2024, òbí ní England lè gba ìwé ẹ̀rí fún oyún tó bọ́ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 24, bí wọ́n bá fẹ́ ẹ.

Kókó inú orí yìí

Tọkọtaya ń fẹ́ kí a yára gbà wọ́n, kí a gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kí a ṣàlàyé ní èdè wọn. Obìnrin ló ń yan ìtọ́jú, ọkọ ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá fẹ́. Òfin 2014 ti ìtọ́jú pàjáwìrì àti àlàyé lẹ́yìn. Ìtọ́jú kò parí ní ẹnu géètì.

Ìdánrawò

1. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oyún tó fẹ́ wálẹ̀ àti oyún wíwálẹ̀.
2. Dárúkọ àmì mẹ́rin tó lè jẹ́ ti oyún ẹ̀yìn ilé-ọmọ. Kí ni ìgbésẹ̀ rẹ ní ilé ìwòsàn abúlé tí kò ní tíátà?
3. Ká ní tọkọtaya kan gbé àpòòwé síkáànù wá bá ọ ní Òṣogbo. Àpò oyún fẹ̀ tó mílímítà 18, kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Ọkọ ní, "Ẹ kàn bá wa fọ̀ ọ́ kúrò." Kọ ohun tí o máa sọ fún wọn, ní Yorùbá, láìju gbólóhùn mẹ́jọ lọ.
4. Abala wo nínú Òfin 2014 ni akọ̀wé káàdì rú bó bá dá obìnrin tó ti dákú dúró nítorí owó? Ìjìyà wo ló wà fún un?
5. Ìyá ọkọ ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ba oyún jẹ́. Ẹ ṣe eré rẹ̀ ní kíláàsì: ẹnì kan ìyá ọkọ, ẹnì kan ìyàwó, ẹnì kan nọ́ọ̀sì. Kí nọ́ọ̀sì má bú ìyá ọkọ, kí ó má sì purọ́.
6. Lọ sí ilé ìwòsàn tí o ti ń kọ́ṣẹ́. Ya àwòrán ọ̀nà tí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára rẹ̀ máa ń gbà láti géètì dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí o fi àmì sí ibi gbogbo tó ti máa dúró, ibi tó ti máa sanwó, àti ibi tí wọ́n ti máa ní kí ọkọ rẹ̀ jáde. Mú un wá sí kíláàsì.